Windows 10 ti dópin, láptọ́ọ̀pù mi kò gba 11: ṣé kí n bọ́ sórí Linux?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, láptọ́ọ̀pù mi sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ó ń sọ fún mi ṣáá pé àsìkò òun ti tán, pé kọ̀ǹpútà mi kò sì kún ojú òṣùwọ̀n fún Windows 11. Ọmọ àbúrò mi ní òun fẹ́ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí òun fi Linux sí i, pé ọ̀fẹ́ ni. Èmi ò mọ kódù. Mo ń kọ lẹ́tà, mo ń ka ìròyìn, mo ń wo fídíò, fọ́tò ẹbí wa láti ogún ọdún sẹ́yìn sì wà nínú rẹ̀. Ó tún lọ́ra bí ìgbín. Ṣé kí n gbà fún un?"

Ẹ ṣé, ìyá mi. Linux máa gbé gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí láìmikàn, ẹ kò sì ní kọ kódù kankan. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ àbúrò yín rọra ná. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni pa nǹkan rẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí: títí dìgbà tí ọwọ́ yín bá mọ́ Linux, ẹ má ṣe ohunkóhun tí ẹ kò lè dá padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìkìlọ̀ tí ẹ ń rí yẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ìyẹn kò ní kí kọ̀ǹpútà yín kú lójijì. Ohun tó jẹ́ ni pé bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá dí i mọ́, ihò yẹn á sì máa pọ̀ sí i bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Microsoft fi àfikún ọdún kan sílẹ̀, títí di oṣù Kẹwàá 2026, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti inú Settings, lójú ewé Windows Update. Bí ẹ bá ṣì rí i lórí tiyín, ẹ forúkọ sílẹ̀. Ó máa fún yín láyè láti fara balẹ̀.

Ní ti pé kò gba 11, kì í ṣe pé ó ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn kinní kékeré kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ní ìwé orúkọ àwọn processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó ń gbà wọlé. Ti ilé iṣẹ́ Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ọlọ́dún mẹ́sàn-án sábà máa ń jẹ́ ìran kẹfà tàbí ìkeje. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá tiyín padà, wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kó ráyè sọ tẹnu ẹ̀. Linux kì í béèrè irú ìwé ìwọlé bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni Linux fúnra ẹ̀? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, Linus Torvalds, kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà bíi tiẹ̀ pé òun ń ṣe ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, pé eré ọwọ́ dilẹ̀ lásán ni, kò ní di ńlá. Ó di ńlá. Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, Linux ni ọkàn tó ń lù nínú rẹ̀, ẹ ti ń lò ó ọjọ́ ti pẹ́. Ọkàn nìkan kò tó lò, ni àwọn ẹgbẹ́ oríṣiríṣi fi ń fi ara bò ó, tí wọ́n ń fún un lójú, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ: Debian, Ubuntu, Fedora, Mint. Gbogbo orúkọ tí ọmọ àbúrò yín bá dá, Linux ni wọ́n.

Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Òótọ́ ni, kọ́bọ̀ kan kò ní kúrò lápò yín fún un. Ṣùgbọ́n nǹkan míì ló wà lọ́kàn àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Láti 1983 tí Richard Stallman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ti kéde iṣẹ́ GNU, tí púpọ̀ nínú ètò tó yí Linux ká ti wá, ló ti ń ṣàlàyé fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pé òmìnira ni òun ń sọ, òun ò sọ pé owó ò sí níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, ni wọ́n ní fún méjèèjì. Àwa ò ní wàhálà yẹn: ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu: orí Windows yín náà ni. Ọ̀pọ̀ tó sá kúrò lórí Linux, tí mo bá bi wọ́n léèrè, kì í ṣe Linux ló lé wọn. Áàpù ni. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá lo Word, tó jí lọ́jọ́ kan tí kò rí i mọ́, tí bíráósà yí padà, tí àwòrán ibi tó ń tẹ̀ náà yí padà, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú á bí i. Ẹ má fi ara yín sínú ìyẹn. Lónìí, ẹ fi LibreOffice tí ẹ ó fi máa kọ lẹ́tà, Firefox tó jẹ́ bíráósà, àti VLC tó ń ṣí fídíò sórí Windows 10 yín. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà fún Windows, wọ́n wà fún Linux, ojú kan náà ni wọ́n sì ní níbi méjèèjì. Ẹ fi wọ́n ṣe gbogbo iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá di ọjọ́ tí ẹ máa kó lọ, ilé nìkan ló yí padà, àga àti tábìlì yín ti ń dúró dè yín níbẹ̀.

LibreOffice ló máa gba sùúrù jù nínú wọn. Ẹ mú lẹ́tà kan tí ẹ ti fi Word kọ, ẹ ṣí i nínú Writer, áàpù lẹ́tà inú LibreOffice. Ọ̀rọ̀ yín á pé. Lórí Windows, ó lè rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí lẹ́tà kan náà lórí Linux, ìlà kan lè já bọ́ sí ojú ewé kejì. Fọ́ńtì ló máa ń fà á. Calibri jẹ́ ti Microsoft, kì í bá Linux wá. Fọ́ńtì kan tó ń jẹ́ Carlito ni LibreOffice máa ń fi dí àyè ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ẹ kí fífẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti Calibri dọ́gba, kí ìlà má baà yẹ̀. Times New Roman náà ní adípò, Liberation Serif. Àwọn fọ́ńtì aláràbarà tí ẹ bá fi ṣe káàdì ọjọ́ ìbí ni kò ní, àwọn yẹn á dàrú. Tí ẹ bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án sí i, ẹ fi pamọ́ ní .docx. Tó bá jẹ́ kíkà lásán, ẹ sọ ọ́ di PDF, kò ní yẹ̀ níbikíbi tó bá dé.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kí bébà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Áàpù yòówù tí ẹ bá ṣí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bébà yẹn ni kẹ́ ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu ju èmi àti ọmọ àbúrò yín lọ. Bí Photoshop bá jókòó síbẹ̀, tàbí Excel tí ẹnì kan kọ macro, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, sínú ẹ̀ fún yín, tàbí áàpù kan tó bá ẹ̀rọ kan pàtó wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ dúró ná, ká jọ sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá sí àwọn kan nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n tí mo lè fi sílẹ̀ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n sì sùn dáadáa. Nínú ohun tí ẹ kà fún mi, mi ò rí ọ̀kankan.

Ó wá ku ti ìgbín. Àwa tí a fẹ́ràn Linux kì í fẹ́ sọ eléyìí jáde: tó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ ló wà nínú láptọ́ọ̀pù yín, Linux nìkan kò ní wò ó sàn. Á fúyẹ́ díẹ̀, ẹ máa rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀sẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa wọ́lẹ̀. Nínú disk yẹn, àwo kan ló ń yí, ní ti láptọ́ọ̀pù, ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tín-ínrín kan sì ń sá lọ sá bọ̀ lórí àwo náà láti wá fáìlì kiri. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn lóru, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Kò sí ètò kankan tó lè mú kí apá yẹn sáré ju bí wọ́n ṣe dá a lọ. SSD, ìyẹn irú disk tuntun, kò ní ohun tó ń yí nínú, kò ní apá tó ń sáré, ojú ẹsẹ̀ ni fáìlì ń jáde. Ẹni tó bá ní owó ohun kan ṣoṣo láti ná sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, SSD ni kó rà.

Ìgbín yẹn ló wá yanjú ọ̀rọ̀ ìpaǹkanrẹ́ fún wa. Ẹ ra SSD tuntun. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tú ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù, kó yọ disk tí Windows wà lórí rẹ̀, kó fi SSD òfìfo sípò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ìgbà yẹn, ìdè mélòó kan àti fífà yọ ni. Ẹ wá kọ ọjọ́ sára disk àtijọ́ náà, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Windows yín wà níbẹ̀ pérépéré, fọ́tò ogún ọdún wà níbẹ̀, lẹ́tà yín wà níbẹ̀. Bí Linux bá sú yín lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ tú u padà, ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ sí i, kọ̀ǹpútà yín á jí bí ẹni pé kò síbi tó lọ. Kò tún sí ọ̀nà tó dùn mọ́ mi nínú bí èyí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ẹ fi Linux àti Windows sórí disk kan náà, kí ẹ máa yan èyí tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tàn án. Ó ṣeé ṣe, èmi náà ti lò ó fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n orogún méjì nínú yàrá kan ni. Aago á máa yí padà fúnra ẹ̀ torí pé ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà ka aago inú kọ̀ǹpútà kò dọ́gba. Windows á gba àtúnṣe tuntun lọ́jọ́ kan, kó sì gba ipò iwájú padà, ẹ ò ní rí Linux mọ́. Tí ẹ bá pa Windows láìyọ Fast Startup kúrò, Linux lè kọ̀ láti kọ nǹkan sínú fóldà rẹ̀. Kò sí èyí tí kò ní àtúnṣe nínú wọn, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó máa ṣe é.

Disk inú dúrọ́ọ̀ kì í ṣe gbogbo ìpamọ́ o. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ó lè kú sínú aṣọ tí ẹ fi wé e. Kí wọ́n tó yọ ọ́, ẹ da fọ́tò àti lẹ́tà yín kọ sórí hard disk alágbèéká kan, kí ẹ sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kí ẹ ṣí fọ́tò mẹ́wàá nínú ẹ̀ níbi tó yàtọ̀ síra. Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì ṣí wò, ẹ ò tíì ní in. Ẹ tún wò ó bóyá àmì ìkúùkù kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kankan. Ó ń sọ fún yín pé OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń tọ́jú ìyẹn, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ní kó gbà á wálẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ wá BitLocker, ètò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti disk pa, nínú Windows: bí ó bá wà ní títàn, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sórí bébà, oní nọ́ńbà 48 ni. Láìsí i, disk inú dúrọ́ọ̀ lè di bíríkì.

Kí ẹ tó ra SSD pàápàá, ẹ lè tọ́ Linux wò láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Èyí gan-an ni ohun tí àwọn ènìyàn kì í gbàgbọ́. Wọ́n máa ń fi Linux sínú fíláàṣì, ẹ ó fi fíláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, Linux á ṣí sójú yín pátápátá, bíráósà, Writer àti gbogbo ẹ̀, Windows á ṣì wà nínú disk tó ń sùn. Tí ẹ bá pa á tí ẹ fa fíláàṣì yọ, bí àlá ni.

Èwo wá ni kí ẹ mú? Linux Mint, èyí tí wọ́n ń pè ní Cinnamon. Mi ò ní fi orúkọ mẹ́wàá há yín lọ́fun. Mo yàn án torí pé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ibi tí ẹ ó ti máa ṣí áàpù wà, aago wà lápá ọ̀tún, fèrèsé kọ̀ọ̀kan sì ní àmì X lórí rẹ̀. Ọwọ́ yín ti mọ gbogbo ìyẹn. Láti 2006 ni Mint ti wà. Orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ ọ lé, èyí tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004. Ẹ̀dà Mint 22 máa gba ìtọ́jú títí di 2029. Bí RAM yín, ìyẹn memory inú kọ̀ǹpútà, kò bá tó gígábáìtì mẹ́rin, ẹ mú Mint tó ń jẹ́ Xfce, ó fúyẹ́ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Mint kéré sí yín, pé Arch, Linux àwọn ògbóǹtarìgì, ni kí ẹ lò, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ bá a sọ nǹkan míì.

Fíláàṣì gígábáìtì mẹ́jọ tó. Ojú ewé Mint gan-an ni kí ẹ ti dáńlóòdù fáìlì náà, ó súnmọ́ gígábáìtì mẹ́ta. Ẹ má ṣe dà á kọ sínú fíláàṣì bí ẹni kọ fọ́tò o, kò ní ṣiṣẹ́. Áàpù kan wà, balenaEtcher tàbí Rufus, tó ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi lè jí láti inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì á parẹ́, nítorí náà kí ó jẹ́ èyí tó ṣófo.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tó ń béèrè ibi tí yóò ti jí. Lórí Dell àti Lenovo, F12 ló sábà máa ń jẹ́. Lórí HP, Esc ni, lẹ́yìn náà F9. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra láti ìgbà tí iná bá ti tàn, ẹ má dúró de àmì Windows. Bí àmì yẹn bá fi jáde, ẹ ti pẹ́, ẹ tún un ṣe. Ìgbà kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí i mú.

Tó bá ti ṣí, ẹ má wo ẹwà rẹ̀. Ẹ dán irin wò. Ṣé ó rí Wi-Fi? Ṣé fídíò ní ohùn? Ṣé kámẹ́rà ń rí yín? Ẹ pa ìdérí láptọ́ọ̀pù, ẹ ka ọgọ́ta, ẹ ṣí i: ṣé ó jí padà? Ẹ tẹ ìwé kan lórí printa. Wi-Fi ló máa ń bá àwọn láptọ́ọ̀pù kan jà, pàápàá àwọn tó ń lo ti Broadcom, torí pé ilé iṣẹ́ náà kò fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Tó bá kọ̀, ẹ fi wáyà USB so fóònù Android yín mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering lórí fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé, kí ẹ wá ṣí áàpù tó ń jẹ́ Driver Manager, á bá yín wá ohun tó kù. Ẹ lo fíláàṣì yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí kan lójúmọ́. Á falẹ̀ díẹ̀ torí inú fíláàṣì ló ti ń bọ̀, ohun tí ẹ bá kọ kò sì ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdánwò ni.

Ó wá di ọjọ́ náà gan-an. SSD ti wà nípò, disk àtijọ́ ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ yọ gbogbo nǹkan tó ń tọ́jú fáìlì kúrò lára ẹ̀, fíláàṣì Mint nìkan ni kó kù. Ẹ̀kọ́ yìí ná mi ní nǹkan. Nígbà kan, mo fi hard disk tí ẹ̀dà fáìlì mi wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà tí mo ń fi Linux sí. Ó bi mí pé disk wo: sda àbí sdb? Agogo mọ́kànlá òru ni, ojú mi ti ń wọ́, mo rò pé sdb ni ti inú. Mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó mí kanlẹ̀, ẹ̀dà ti lọ. Orí ló yọ mí, mi ò tíì pa ojúlówó rẹ́. Láti ìgbà yẹn, tábìlì mi máa ń ṣófo bí ẹni fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, mi ò sì ń ṣe é lóru mọ́.

Ẹ ó rí àwòrán kan tí wọ́n kọ Install Linux Mint sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Á béèrè èdè, á béèrè kíbọọ̀dù, á béèrè bóyá ẹ fẹ́ multimedia codecs: ẹ máàkì ìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí fídíò ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa kọ Erase disk and install Linux Mint, gbólóhùn tó máa ń já ènìyàn láyà jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Tiyín kò ní ìpayà nínú, SSD òfìfo ló ń sọ. Ẹ gbà fún un. Yóò béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù yẹn síbi tí ẹ ó ti rí i, torí gbogbo ìgbà tí nǹkan tuntun bá fẹ́ wọlé ni yóò máa béèrè rẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó ti parí, àkókò tó gùn jù nínú ẹ̀ sì ni èyí tí ẹ ó fi máa wo àwòrán tó ń yí.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo fún yín. Ẹ ṣí Timeshift, kí ẹ ní kó máa ya àwòrán ètò pamọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó lè dá kọ̀ǹpútà padà sí àná bí nǹkan bá bàjẹ́. Kì í tọ́jú fọ́tò yín o, ètò nìkan ló ń tọ́jú. Hard disk alágbèéká yẹn ṣì ní iṣẹ́. Ẹ wo ààbò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago: tí àmì pupa bá wà lára ẹ̀, àtúnṣe ti dé, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fún un ní pásíwọ́ọ̀dù, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Áàpù tuntun, inú Software Manager ni kí ẹ ti máa mú un, bí ẹ ṣe ń ṣe lórí fóònù. Ìwà ká máa wá áàpù kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì ká sì tẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde, ẹ fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ Windows. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń bá Linux ilé jà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìméèlì oníjìbìtì kò mọ Linux yàtọ̀ sí Windows. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnu dídùn gba pásíwọ́ọ̀dù ìfowópamọ́ yín, ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ẹ máa rí fèrèsé dúdú kan tó ń jẹ́ Terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ lè lo Mint fún ọdún márùn-ún láìṣí i. Bí ọjọ́ kan bá kàn án, tó béèrè pásíwọ́ọ̀dù, ẹ ó máa tẹ̀, ìràwọ̀ nìkan ni ẹ ó rí, tàbí kí ẹ má tilẹ̀ rí àmì kankan. Kò bàjẹ́, bó ṣe rí nìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán kí ẹ sì tẹ Enter. Ohun tí àjèjì bá ní kí ẹ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, pàápàá tó bá fi sudo bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń fún àṣẹ ní agbára ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi han ọmọ àbúrò yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ò sọ bóyá Yorùbá lẹ fi ń kọ lẹ́tà yín, àmọ́ bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn kan wà níbẹ̀. Ẹ lọ sínú Keyboard, ní Layouts, ẹ fi èyí tí wọ́n kọ Yoruba sí kún un. Ẹ ò ní ra nǹkan kan, ẹ ò ní dáńlóòdù nǹkan kan, ó ti bá a wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́ láìṣe àdàkọ látibòmíì, mo kọ orúkọ ara mi ní ìgbà mẹ́rin.

Ní ti ọmọ àbúrò yín, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ máa nílò rẹ̀. Kó bá yín tú ìdè, kó bá yín ṣe fíláàṣì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Mint bá ṣí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, òun ni kó dúró lẹ́yìn, kó káwọ́ sẹ́yìn. Ohun tí ọwọ́ tiẹ̀ bá ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ ò ní rántí rẹ̀ lọ́la.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows yín. Bí fèrèsé tó ṣí bá kéré, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀ ẹ̀, kí ẹ wá lọ sí Performance. Ní apá òsì, lábẹ́ Disk 0, HDD ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí SSD. Lókè ẹ̀ ni Memory, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù náà, kí n lè sọ irú SSD tó máa wọ inú rẹ̀ fún yín.